RÍRA ILẸ̀ ÀTI KÍKỌ́ ILÉ: ÌKÌLỌ̀ FÚN ÀWA Ọ̀DỌ́ MÙSÙLÙMÍ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí Ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ kí á lè máa gbé orí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ààwẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wọn, nítorí orí ilẹ̀ ni a ti ń kírun. Owó ilé yíyá ní Èkó ti ń lé àwọn ọ̀dọ́ wa jáde. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, àwọn abúlé tó wà lẹ́bàá rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bíi Mágbórò, Ìbàfò àti Mówè, ti ń di ìlú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ń sùn ní Mówè. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka ilé tó láyè àti aládùúgbò rere mọ́ ohun tí í máa ń múnú ọmọ ènìyàn dùn láyé.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé, bí a bá kí Jímọ̀ tán, ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń bi ara wọn ni pé, "Èló ni púlọ́ọ̀tì kan níbẹ̀ báyìí?" Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, "Ta ló ni ín?"

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí Ànábì ṣe nígbà tó ṣe hijira dé Mẹ̀dínà ní ọdún 622. Ibi tó fẹ́ kọ́ mọ́sálásí sí jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sá dàbínù. Ọmọ òrukàn méjì, Sahl àti Suhayl, ló ni ín. Wọ́n ní àwọn fi ta á lọ́rẹ. Ànábì kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́; ó rà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ rò ó wò! Mọ́sálásí ni wọ́n fẹ́ kọ́, kì í ṣe ilé ayálégbé. Ẹni tó lọ́lá jù nínú ẹ̀dá ló fẹ́ kọ́ ọ. Àwọn tó ni ilẹ̀ kéré, wọn kò sì ní bàbá. Síbẹ̀, ó san owó wọn fún wọn. Àwíjàre wo ló wá kù fún ẹni tó gba ilẹ̀ ọmọ òrukàn láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù?

Bukhari àti Muslim gbà á wá pé ẹni tó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ ẹlòmíràn, bí kò tilẹ̀ ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ, wọn yóò fi ìpele ilẹ̀ méje kọ́ ọ lọ́rùn ní ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀. Sa'id ọmọ Zayd, ọ̀kan nínú àwọn sàábé mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìró Àlùjánńà, wà lára àwọn tó gba hádíìsì yìí wá. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Arwa pè é lẹ́jọ́ níwájú Marwan pé ó gba ilẹ̀ òun. Sa'id béèrè bóyá òun lè gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ohun tí òun ti gbọ́ lẹ́nu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Obìnrin yìí fọ́jú kó tó kú, inú kòtò tó wà lórí ilẹ̀ yẹn gan-an ló sì jìn sí tó fi kú.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, àwa tí a ń kọ èyí náà ti fẹsẹ̀ kọ níbi yìí rí. Ní ọdún 2014, a kó owó èsúsú jọ mọ́ èyí tí a ń rí níbi iṣẹ́ olùkọ́ kéwú, a fi ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ní ìhà Mówè. Alágbàtà ló mú wa lọ. Ọmọkùnrin kan nínú ìdílé tó ni ilẹ̀ gba owó lọ́wọ́ wa, ó sì kọ rìsíìtì fún wa. A kò béèrè olórí ẹbí, a kò mú lọ́yà dání, nítorí wọ́n ní bí a bá fi falẹ̀, ẹlòmíràn yóò rà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, a kó búlọ́ọ̀kù débẹ̀, a bá ìpìlẹ̀ ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Ìwé tirẹ̀ ṣáájú tiwa, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ló sì tà á fún un.

Nígbà tí a pariwo dé ilé wọn, wọ́n ní kí a má bínú, àwọn yóò fi òmíràn dípò. Wọ́n mú wa kọjá odò kékeré kan. Ilẹ̀ náà dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, odidi púlọ́ọ̀tì kan ni. Ṣùgbọ́n a rí ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tí koríko ti bò. A béèrè ẹni tó ni ín. Wọ́n ní, "Alfa, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Obìnrin kan ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti pẹ́ tó ti yọjú síbí gbẹ̀yìn."

A kò ní purọ́ fún yín: ó wù wá. Lóru ọjọ́ náà, a ti ń ka iye yàrá tí ilẹ̀ náà yóò gbà. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a lọ bá Alfa tó kọ́ wa ní Kùránì, a ro ẹjọ́ náà fún wọn lọ́nà tí àre yóò fi jẹ́ tiwa. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹni tó jà yín lólè ló ń pè yín pé kí ẹ wá bá òun ja opó lólè. Ṣé ẹ ó lọ ni?" Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A padà lọ sọ pé owó wa ni a fẹ́. Ó lé ní ọdún méjì kí a tó rí ìdajì rẹ̀ gbà. Ìyókù wà níwájú Ọlọ́hun. Lónìí, yàrá méjì tí a kò tíì rẹ́ ni a ń gbé, ó sì jìnnà sí títì. Ṣùgbọ́n bí a bá forí kanlẹ̀ níbẹ̀, ọkàn wa balẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí lọ́wọ́ wa.

Kìíní: Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí, títà náà kò dúró lábẹ́ òfin. Ẹ rí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí ìwé.

Ìkejì: Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìkáwọ́ Gómìnà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ìwé sọ̀féyọ̀ ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ní Abẹ́òkúta fún Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní Aláúsá fún ti Èkó, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Rìsíìtì lásán kì í ṣe ìwé ilẹ̀.

Ìkẹta: Nínú Suuratul Baqarah, aaya 282, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀, kí á sì wá ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kò fi wá pe olè. Àṣẹ Ọlọ́hun ló tẹ̀ lé.

Ìkẹrin: Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ má ṣe gbé ọ̀ràn náà fún àwọn ajagungbalẹ̀. Ní ọdún 2016, ìjọba Èkó àti ti Ògùn ṣe òfin lòdì sí fífi ipá gba ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni kí ẹ lọ.

Ìkarùn-ún: Ẹ má ṣe tìtorí ilé wọ inú owó èlé. Láti ọdún 2012 tí Jaiz Bank ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, báńkì tí kì í gba èlé ti wà ní Nàìjíríà. Ẹ lọ béèrè ìlànà wọn, kí ẹ sì ka ìwé àdéhùn dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí agbára kò bá sì tíì ká a, sùúrù kì í ṣe àbùkù.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀ tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ mọ̀ pé Suuratun Nisaa fún ọmọbìnrin ní ìpín nínú ogún bíi ti ọmọkùnrin tó ní ìpín tirẹ̀. Bí ẹ bá tà á lẹ́yìn àwọn arábìnrin yín, tàbí tí ẹ ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, kí ẹ má ṣe fi owó rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà kí ẹ sì rò pé ó ti mọ́. Ẹ dá ohun olóhun padà ná.

Bí ẹ bá sì ti kó dé ibi tuntun, ẹ rántí ẹ̀tọ́ aládùúgbò, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn mìíràn. Ẹ má ṣe darí omi òjò ilé yín sínú àgbàlá rẹ̀. Bí wọ́n bá dá owó láti tún ọ̀nà ṣe, ẹ má ṣe jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò san. Bí mọ́sálásí bá sì jìnnà, ẹ má ṣe torí ìyẹn pa ìrun jáà-máà tì. Àwọn Banu Salimah ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú Mẹ̀dínà, wọ́n fẹ́ kó wá sí ìtòsí mọ́sálásí Ànábì. Ó ní kí wọ́n jókòó sí ilé wọn, nítorí gbogbo ìṣísẹ̀ wọn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, gbogbo wa ló ní ilẹ̀ kan tí a kò ní fi owó rà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni. Kí ọwọ́ wa mọ́ kí á tó débẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ilé tó láyè láti ọ̀nà hàláàlì, kí Ó fi àlùbáríkà sí i, kí Ó gba ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ fún wọn, kí Ó sì fi Àlùjánńà ṣe ilé ìkẹyìn fún gbogbo wa. Aamiin.