Ta Ló Ya Àwòrán Yìí?

Fíìmù kàtúùnù, tí àwa tí à ń kọ́ ọ ń pè ní animation, kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe. Férémù 24 ló ń kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá tilẹ̀ jẹ́ kí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró fún férémù méjì, 720 àwòrán la máa yà kí fíìmù tó pé ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi máa ń ya ìdúró tó ṣe kókó, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ gbéra àti ìgbà tó balẹ̀, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ á sì ya èyí tó wà láàárín. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ti ń gba iṣẹ́ àárín yìí ṣe. Àwọn kan tilẹ̀ ń ní kó ya gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀, wọ́n á wá fi orúkọ ara wọn sí i. Níbi tí ọwọ́ ti pọ̀ tó báyìí, kí ni òtítọ́ ọmọlúàbí ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́?

Àwa ará àríwá Èkìtì ní ibi tí a ti lè wo àwòkọ́ṣe. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ SMA dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, lábẹ́ àbójútó Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahoney. George Bándélé, ọmọ Àreògún ará Ọ̀sì, wà lára àwọn agbẹ́gilére tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lamidi Fákẹ́yẹ wá bá a láti Ìlá Ọ̀ràngún. Inú ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí Lamidi sí, ó sì ti ń gbẹ́gi kó tó dé Ọ̀yẹ́. Síbẹ̀, ó tún gbà láti di ọmọ iṣẹ́, ó sì sin Bándélé fún ọdún mẹ́ta. Ẹni yìí ló padà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí àjọ UNESCO sì dá lọ́lá ní 2006.

Ìpele mẹ́rin ni Fadá Carroll ṣàkọsílẹ̀ pé igi máa ń là kọjá kó tó di ère: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fífín. Ọmọ iṣẹ́ lè bá ọ̀gá dán an, kí orúkọ ọ̀gá sì wà lórí ère náà. Kò sẹ́ni tó máa pe ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ní èké, nítorí ohun méjì. Àkọ́kọ́, kò sí ìpele kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò lè dá ṣe. Èkejì, gbogbo ẹni tó ń gbéṣẹ́ fún un ló mọ̀ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun méjì yìí ni mo fi ń wọn lílo kọ̀ǹpútà. Bí iná bá lọ, ṣé mo lè fi pẹ́ńsù ya ohun tó yà fún mi? Ṣé ẹni tí mo fi iṣẹ́ hàn mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ sí i? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ju ọ̀rọ̀ ìgbéraga lọ. Ẹ wo ìyá tó ru igi ìdáná bọ̀ láti oko Ìkọ̀lé: orí àti ọrùn rẹ̀ kì í mì, ìbàdí àti orúnkún ló ń gba ìrìn náà mọ́ra. Bí kọ̀ǹpútà bá wá ń jẹ́ kí orí rẹ̀ máa mì bíi ti ẹni tí kò ru nǹkan, ẹni tó ti ya irú ìyá bẹ́ẹ̀ rí ló máa tètè rí àṣìṣe náà.

Yíyà ènìyàn gidi bẹ́ẹ̀ náà ní ìwà tirẹ̀. Ènìyàn lè fara pamọ́ sẹ́yìn ìsọ̀ kó máa ya oníṣu láìjẹ́ kó mọ̀. Àwòrán rẹ̀ á jọ ènìyàn gidi, ṣùgbọ́n àfojúdi ni. Bó bá sì kí i pé, "Ẹ kú ọjà o, mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà yín," ìyá náà á tún gèlè wé, á nà ró gbọnrangandan bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, ìdúró tí à ń wá á sì pòórá. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí a kí i, kí a tọrọ àyè, kí a wá jókòó tì í títí ọjà á fi gbà á lọ́kàn. Ó ń gba àkókò lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ìjókòó yẹn ni ojú ti ń kọ́ bí ọwọ́ tó ń to iṣu ṣe ń yí.

Àmọ́ kí a má tan ara wa. Ìwà rere kò lè tún ẹsẹ̀ tó wọ́ nínú àwòrán ṣe. Mo mọ ọmọlúàbí tí kò lè ya ọwọ́ ènìyàn, mo sì mọ aláìníwà tí ìlà rẹ̀ dán bí omi. Èrè òtítọ́ wà níbòmíràn. Bí olùkọ́ bá ní, "Èjìká yìí kò dára, tún un yà," èmi tí mo fọwọ́ ara mi yà á mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó pe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ á gba ìbáwí kan náà, ṣùgbọ́n ìbáwí náà kò ní kan ọwọ́ rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló ṣe àṣìṣe ọ̀hún. Ó sanwó ilé-ìwé, kò sì sẹ́ni tó rí iṣẹ́ rẹ̀ kó bá a tún un ṣe.