Ta Ló Ni Oúnjẹ Inú Àká?

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí kónílé-ó-gbélé ṣì wà l'Ékòó, tí ìró ìbọn tí àwọn sójà yìn sí àwọn olùfẹ̀hónúhàn EndSARS ní Lekki kò tíì kúrò létí aráyé, èrò ya bo ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza. Wọ́n já ìlẹ̀kùn. Oúnjẹ ni wọ́n bá níbẹ̀, àpò lórí àpò, páálí lórí páálí: ìrẹsì, indomie, gààrí, ṣúgà, iyọ̀. CACOVID, àjọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni para pọ̀ dá sílẹ̀, ló rà á fún àwọn tí àsìkò àrùn Kòrónà sọ di aláìní. Lọ́jọ́ kejì ó kan Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti dé Ìlọrin, Calabar àti Jos.

Àwọn kan pè é ní olè jíjà. Àwọn mìíràn ní ẹrù wọn ni wọ́n lọ gbà. Ìbéèrè tó wà nídìí àríyànjiyàn náà ti wà kí Nàìjíríà tó wà: oúnjẹ tí a kó pamọ́ de ọjọ́ ebi, ta ló ni ín bí ebi bá dé tí ìlẹ̀kùn kò ṣí?

Ẹni tó mọ ìṣòro oúnjẹ kò ní bú àká. Àgbàdo ní àsìkò tó ń gbó, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ la ń jẹun. Bí gbogbo àgbẹ̀ bá kó tirẹ̀ wọjà lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, á wọ́n bí ojú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń so àgbàdo tòun ti háhá rẹ̀ sókè ààrò, kí èéfín lè máa lé kòkòrò. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá òde òní ń ṣe: wọ́n ń gba ẹrù lọ́wọ́ àgbẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi ní Apapa, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ títí ọjà yóò fi béèrè rẹ̀.

Jósẹ́fù inú Bíbélì, tí Kùránì ń pè ní Yúsúfù, ni aṣáájú gbogbo olùtọ́jú àká. Fún ọdún méje ọ̀pọ̀, ó ń gba ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè Íjíbítì pamọ́ de ọdún méje ìyàn. Súrà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ sọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú ọkà náà: kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àfi ìwọ̀nba èyí tí wọ́n bá fẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n oníwàásù kì í sábà ka ìtàn náà dé orí 47 ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Níbẹ̀, títà ni Jósẹ́fù ń ta ọkà fún àwọn ará ìlú. Owó wọn tán, wọ́n fi ẹran ọ̀sìn dí i. Ẹran tán, wọ́n fi ilẹ̀ àti ara wọn dí i, títí gbogbo ilẹ̀ fi di ti Fáráò, àyàfi ti àwọn àlùfáà. Àká tó gba ẹ̀mí wọn là náà ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ní nǹkan bí ọdún 369, ìyàn mú ní Kapadókíà, ní ilẹ̀ Turkey òde òní. Àlùfáà Basil mú ìtàn ọlọ́rọ̀ inú ìwé Lúùkù tó fẹ́ wó àká rẹ̀ láti kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún àwọn ọlọ́kà ìlú pé búrẹ́dì tí wọ́n ń há mọ́, ti ẹni tí ebi ń pa ni. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, Thomas Aquinas kọ ọ́ sínú Summa Theologiae pé ẹni tí àìní rẹ̀ dé góńgó, tí kò rí ọ̀nà mìíràn, tó mú nínú ohun ẹlòmíràn láti fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là, kò jalè. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù náà ní kíkó oúnjẹ pamọ́ nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó há a mọ́ kí ọjà lè wọ́n, nígbà tí ará ìlú nílò rẹ̀, ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé aláṣẹ lè fipá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó tà á.

Lójú àwọn onímọ̀ òfin yìí, oníṣòwò ni yóò ti ìlẹ̀kùn, ọba ni yóò sì ní kó ṣí i. Ní ọdún 2020, ọwọ́ ọba, ìyẹn àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tó yẹ kó pín oúnjẹ náà, ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ẹgbẹ́ àwọn gómìnà ṣàlàyé pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì ń dúró de ẹrù tó kù, àwọn mìíràn sì fi díẹ̀ pamọ́ nítorí bí àrùn náà bá tún padà dé. Ó yẹ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, nítorí ìgbì kejì dé lóòótọ́ kí ọdún náà tó parí. Àmọ́ láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni wọ́n ti sé Èkó mọ́lé, ọ̀pọ̀ ẹni tí ebi ń pa ní àdúgbò kò sì mọ iye àpò tó wà nílẹ̀ tàbí ọjọ́ tí yóò kàn wọ́n. Oúnjẹ pàápàá kì í dúró deni. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá 1,800 àpò ìrẹsì padà fún àwọn aṣọ́bodè n'Íbàdàn nítorí kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti da irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ sórí atẹ rí mọ̀ ọ́n: hóró á ti dá ihò, ìyẹ̀fun á kù sí ìdí àpò, kòkòrò dúdú kéékèèké á máa rìn káàkiri.

Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn jíjá kò pín oúnjẹ fún ẹni tí wọ́n rà á fún. Alágbára ló gbé e. Arúgbó tí orúnkún ń dùn àti ìyá ọlọ́mọ tuntun kò lè bá wọn du àpò. Ní Yola, katakata ni àwọn kan wà lọ, bẹ́ẹ̀ Aquinas kò sọ̀rọ̀ katakata. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra oúnjẹ Mazamaza ni ó ti di ti aláìní. Alágbàtọ́jú lásán ni ìjọba. Alágbàtọ́jú tí kò jẹ́ kí olóhun mọ iye ohun tó wà lọ́wọ́ òun ti kọ́kọ́ ṣẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, tí oúnjẹ ti wọ́n kọjá agbára mẹ̀kúnnù, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun yóò kó 42,000 tọ́ọ̀nù àgbàdo, jéró àti oúnjẹ mìíràn jáde nínú àká òun. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, èrò tún já ìlẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ìjọba kan ní Gwagwa, l'Ábùújá. Tọ́ọ̀nù kì í ṣe ohun tí ẹni tí ebi ń pa ń béèrè. Àdúgbò wo ni, ọjọ́ wo ni, ta ni yóò pín in, mélòó ló kan ilé kọ̀ọ̀kan: ìwọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n kọ gàdàgbà sára ìlẹ̀kùn gbogbo àká ìjọba, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́jà, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti ọjọ́ tí àpò àkọ́kọ́ bá ti wọlé.