Ǹjẹ́ Òfo Ni Làálàá Tí Kò Gba Ife?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí fi hàn pé ìṣubú kì í ṣe òpin ìrìn. Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ nípa ẹni tí ó ṣubú, tí ó dìde, tí ó sáré kíkankíkan, síbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ ohun tí ó ń lé?

Ní ọdún 1989, ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún wáyé ní ilẹ̀ Saudi Arabia. Túndé Dísù ni akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, ní ìlú Dammam, àwọn ọmọ Soviet Union ti gbá góòlù mẹ́rin wọlé, Nàìjíríà kò sì ní ẹyọ kan. Ìṣẹ́jú bí ọgbọ̀n ni ó ṣẹ́ kù. Christopher Ohenhen gbá méjì wọlé, Samuel Elijah gbá ẹ̀kẹta, Nduka Ugbade sì gbá ẹ̀kẹrin. Nígbà tí ó di ti pẹnáritì, Nàìjíríà borí, 5–3. Lẹ́yìn èyí, wọ́n na Amẹ́ríkà, 2–1. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ní ìlú Riyadh, Pọtogí fi góòlù méjì sí òdo gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ní Lọ́kọ́jà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri Nàìjíríà, iṣẹ́ ìyanu Dammam ni wọ́n ń pe ọjọ́ ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ ti Riyadh kò ní orúkọ.

Àwọn kan a máa wí pé ẹni tí kò gba ife kò ṣe nǹkan kan. Kí irú wọn wo Ugbade. Ní ọdún 1985, òun ni balógun àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí wọ́n gba ife àgbáyé ní ilẹ̀ Ṣáínà. Bí ó bá jẹ́ pé ife nìkan ni òṣùwọ̀n ènìyàn, a jẹ́ pé ó níyì ní 1985, ó sì di yẹpẹrẹ ní 1989. Ta ni yóò gba èyí gbọ́?

Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a máa fi Dammam bo Riyadh mọ́lẹ̀. Èyí náà kò tọ́. Góòlù mẹ́rin kì í ṣàdédé wọlé. Ìdìde kò sì pa àṣìṣe tí ó fa ìṣubú rẹ́. Ẹni tí ó ń yin ara rẹ̀ ṣáá pé òun yọ nínú kòtò lè gbàgbé láti bèèrè ohun tí ó gbé òun débẹ̀. Àwọn ọmọ Pọtogí pàápàá làágùn. Kò yẹ kí á fi ìtùnú ti ara ẹni gba ẹ̀tọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ kan gbẹ́yìn kíláàsì ní sáà kìn-ín-ní. Ó tẹra mọ́ṣẹ́, ó sì ṣe ipò kejì ní sáà kẹta, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí ó ń lépa jẹ́ ti ẹni kìn-ín-ní. Olùkọ́ tí ó bá wí fún un pé, “O kò kúkú gba ẹ̀bùn,” ti pa á lọ́kàn. Èyí tí ó bá wí pé, “Kò sí ohun tí o pàdánù,” ti tàn án jẹ. Olùkọ́ tòótọ́ yóò kọ́kọ́ yìn ín, yóò sì jókòó tì í kí wọ́n jọ wo ibi tí ó ti kùnà.

Ẹni tí ó bá gun Òkè Pátì ní Lọ́kọ́jà yóò rí odò Ọya àti odò Bẹ́núé níbi tí wọ́n ti pàdé. Àwọ̀ omi méjèèjì yàtọ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ọ̀kan nínú wọn kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyìn Dammam àti àdánù Riyadh rí. Ọmọdé a wo iwájú, àgbà a wo ẹ̀yìn. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ dàgbà ní láti wo méjèèjì.