Òtítọ́ Tí Ó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Bí ènìyàn bá ń ta ohun àtijọ́ tí ó ti tún ṣe, ǹjẹ́ ó di dandan fún un láti sọ àléébù tí ojú kò rí, nígbà tí ẹni tí ó fẹ́ rà á kò bèèrè? Bí ohun náà bá sì jẹ́ ti ẹni púpọ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹnì kan fi owó àwọn yòókù ṣe olóòótọ́? Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti bá ìbéèrè wọ̀nyí pàdé. Abẹ́ ọkọ̀ ni.

Ọkọ̀ náà ni Peugeot 504 tí bàbá wa fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Kàdúná níhìn-ín. Àwọn àgbà inú wa mọ irú ọkọ̀ yìí dáadáa. Ní ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1969 wọ́n yàn án ní Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹta ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná wa yìí. Ní ọdún 1975 yìí kan náà ni ọ̀kan nínú irú rẹ̀ gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, níbi tí ẹrẹ̀ àti òkúta ti ń ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́. Òun ni bàbá wa fi ń kó wa lọ sílé nígbà ọdún Kérésìmesì. Bí a bá ti ré afárá Jẹ́bà kọjá, tí a sì rí Odò Ọya, a mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà púpọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ikú bàbá, ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwa ọmọ mẹ́ta fohùn ṣọ̀kan pé kí n tún un ṣe nílé, kí a tà á, kí a sì pín owó rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Sátidé ni mo fi ń ṣe é. Mo tú kábúrétọ̀, mo fọ̀ ọ́. Mo fọ táńkì epo. Mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà bíréèkì, nítorí rọ́bà tí ó ti gbẹ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ dún, ìyá wa jáde láti ilé ìdáná, ó sì dúró láìsọ̀rọ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọ fún àbúrò mi obìnrin iye tí a óò ta ọkọ̀ náà, kí n tó wo abẹ́ rẹ̀. Òun náà gbẹ́kẹ̀ lé iye yìí, ó lọ bá onílé kan ṣe àdéhùn ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò ni mo rí i pé ilẹ̀ ọkọ̀ ti dógùn-ún. Irin tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ti jẹrà débi pé sípánà wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé nínú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, irin gígùn méjì ni ó gbé gbogbo ara ọkọ̀ ró. Ṣùgbọ́n irú 504 tiwa kò ní irin bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ àti irin abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ gan-an ni egungun rẹ̀.

Pánẹ́ẹ̀bítà tí mo pè wò ó, ó ní, “Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí a fi pọ́tì dí i, kí a sì kùn ún. Ta ni yóò mọ̀?” Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Pọ́tì pàápàá kì í ṣe ohun burúkú. Ó wúlò láti dí ibi tí ara ọkọ̀ bá tẹ̀ wọnú díẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi pọ́tì ṣe egungun. Ó máa ń fa omi, ìpáàrà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ a sì máa jẹ irin lọ láìfọhùn. Ohun tí ó tọ́ ni kí a gé ibi tí ó jẹrà títí dé ibi tí irin gbé mọ́, kí ajórin sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Owó ọwọ́ wa kò tó ju ẹ̀gbẹ́ kan lọ.

Mo sọ fún àbúrò mi pé n óò fi ẹ̀gbẹ́ kejì han ẹni tí ó fẹ́ rà á. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ṣé ó bi yín ni? Ṣé irọ́ ni kí ènìyàn dákẹ́? Ẹ sì rántí pé kì í ṣe owó yín nìkan.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Òtítọ́ ni pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe irọ́ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n pọ́tì kò dákẹ́. Ó ń sọ fún olúkúlùkù tí ó bá wò ó pé irin ni òun. Ẹni tí ó bá kun ọ̀dà lé e lórí ti dáhùn ìbéèrè kí a tó bi í, ìdáhùn èké ni ó sì fi fún un.

Ní ti owó àwọn yòókù, mo rò ó títí, mo sì rí i pé iye tí a ń rò jẹ́ iye ọkọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ le. Àwa kò ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí yóò dín nínú owó náà kò tíì jẹ́ ti àbúrò mi rí. Ti ẹni tí ń rà á ni. Ṣùgbọ́n ìlérí tí mo ṣe fún àbúrò mi kí n tó wo abẹ́ ọkọ̀, gbèsè tèmi nìyẹn.

Nínú ìwé ìjọ, bí mo bá ṣi orúkọ kan kọ, n kì í ha á kúrò. Ìlà kan ni mo ń fà sí i, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀. Mo ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ náà, mo kọ ohun tí ó jẹ́ ti àtijọ́, ohun tí mo pààrọ̀, àti ibi tí a kò tíì tún ṣe. Mo fi lé ẹni tí ń rà á lọ́wọ́, mo sì gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀ kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Tiwa kò kùtà, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà já owó náà sílẹ̀ gan-an. Mo mú nínú ìpín tèmi láti fi dí àdéhùn ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi, èyí tí ó kù fún mi kò sì tó nǹkan. Ó gba owó náà, ṣùgbọ́n ó tó oṣù méjì kí ó tó tún bá mi ṣe àwàdà. N kò dá a lẹ́bi. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi ohun tí n kò tíì yẹ̀ wò dá a lójú. Ìyẹn náà sì jẹ́ irú pọ́tì kan.

Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́, kí ó tú òòfà ẹ̀yìn rédíò tí ó ti bàjẹ́, kí ó fi aṣọ rírọ̀ wé e, kí ó sì máa fi kan ara ọkọ̀ náà káàkiri, pàápàá lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó bèèrè ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ń tà á, kí ó má ṣe dúró de òòfà.