Ìtanràn Kékeré, Irọ́ Ńlá

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, àwọn ọmọ Aswani tí wọ́n fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń bi wá bóyá kí àwọn kọ ìtanràn eré àsápajúdé sínú fọ́ọ̀mù N-400. Kí wọ́n kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù náà béèrè bóyá agbófinró ti fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀sùn rí. Ìtanràn tí kò tó 500 dọ́là, tí kò mú àtìmọ́lé, ọtí tàbí oògùn olóró lọ́wọ́, kì í sábà díni lọ́nà. Irọ́ lábẹ́ ìbúra ni ó ń díni.

Ọlọ́hun pàṣẹ ọ̀rọ̀ títọ́ fún wa nínú Súrátù Al-Ahzab, áyà 70. Ẹ̀yin òbí, ẹ má wí fún ọmọ pé, "Fi pamọ́, ta ni yóò mọ̀?" Ọlọ́hun mọ̀. Kí Ó fi òdodo jíǹkí wa. Àmín.