Ọmọ Inú Ilé àti Ọmọ Inú Ìwé

Ọ̀rọ̀ kan ti wà ní ọkàn mi láti oṣù kẹjọ ọdún 2022, mo sì ti rò pé bí ó bá pẹ́ tó, yóò kúrò fúnra rẹ̀. Kò kúrò. Nítorí náà ni mo ṣe gbé e wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, nítorí láàrin yín ni irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ jùlọ.

Ní oṣù náà, obìnrin kan tí í ṣe olùkọ́ ní Òmù-Àrán wá sí ilé mi ní ìrọ̀lẹ́. Yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan láti gba oyè kejì, inú gbogbo wa sì ti dùn sí i. Ọkọ rẹ̀ àti ọmọ méjì tí ó bí yóò bá a lọ, nítorí ní ìgbà náà òfin ìlú náà fi àyè gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọ kẹta wà nínú ilé rẹ̀, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bí kí ó tó kú. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí a gbé e wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá tí ó bí i ti ní ọkọ mìíràn ní ọ̀nà jíjìn. Màmá ni ó ń pe olùkọ́ yìí, kò sì mọ orúkọ mìíràn tí ì bá pè é. Ohun tí ó wá bẹ̀ mí fún kò ju ìwé pélébé kan lọ: ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi, kí n kọ orúkọ òun àti ti ọkọ òun sí ibi tí a ń kọ orúkọ ìyá àti bàbá sí.

Mo kọ̀. Ìwé ńlá ìjọ wà níbẹ̀, orúkọ bàbá ọmọ náà ni a kọ sínú rẹ̀, mo sì wí fún un pé n kò lè kọ ohun tí ó lòdì sí i. Kò bínú. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá Katikíìsì, ẹ ti jẹun ní ilé wa láìmọye ìgbà. Ọmọ ta ni ẹ mọ̀ ọ́n sí?” N kò rí èsì fún un. Ó dìde, ó ní ó dàárọ̀, èmi náà ní ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni karùn-ún lọ sí Ẹ̀sìẹ́, sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ǹjẹ́ irọ́ ni ohun tí obìnrin yìí bẹ̀ mí láti kọ? Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, bí ènìyàn bá pe ọmọ àbúrò rẹ̀ ní ọmọ òun, kò sí ẹni tí yóò pè é ní òpùrọ́. Àní, bí ó bá ń wí fún àlejò létí ọmọ náà pé “ọmọ àbúrò mi ni èyí”, àwọn àgbà yóò bá a wí pé ó ń ya ọmọ sọ́tọ̀. Ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ta ni nínú wa tí kò gbé ilé ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ilé àbúrò ìyá nígbà tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́? Aya ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó tọ́ èmi fúnra mi, kò sì sí ìwé kan tí ó fi gbà mí. Bí ẹnìkan bá bèèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, èébú ni ìbá kà á sí.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ èyí. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́, ẹbí tí ó mọ̀ kò ju ọkọ tàbí aya, tàbí ẹni tí a ń bá gbé bí ọkọ tàbí aya, àti ọmọ ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ìyá ẹni kò sí níbẹ̀, àbúrò ẹni kò sí níbẹ̀, ọmọ tí ẹbí gbé lé ni lọ́wọ́ láìsí ilé-ẹjọ́ kò sí níbẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo ìwé ìsọdọmọ tí ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè fúnni ni wọ́n ń gbà. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí yóò bá a lọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe London ni yóò gbé gbọ́dọ̀ fi hàn pé pọ́n-ùn 680 wà fún oṣù kan, títí di oṣù mẹ́sàn-án, èyí tí í ṣe pọ́n-ùn 6,120, owó náà sì gbọ́dọ̀ sùn ní báńkì fún ọjọ́ 28. Bí àwọn kan ti ń yá owó olówó sùn sí báńkì fún ọjọ́ 28 náà, tí wọ́n sì ń dá a padà ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, ọ̀ràn ti ọjọ́ mìíràn ni.

Ẹnìkan lè wí pé: nígbà tí ó jẹ́ òtítọ́ ní ilé wa, kí ni ó burú nínú kí a kọ ọ́ sínú ìwé wọn? Mo rò ó títí. Ibi tí mo dé ni èyí, pé ẹni tí ó bèèrè ọ̀rọ̀ ni ó ni ìtumọ̀ ìbéèrè rẹ̀. Bí àlejò bá dúró níwájú mi ní ọjà Òmù-Àrán, tí ó nàka sí òkìtì iṣu, tí ó bèèrè iye rẹ̀, tí èmi sì dárúkọ iye ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ẹnu mi lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n mo ti rẹ́ ẹ jẹ. Òyìnbó tí ó kọ “ọmọ” sínú ìwé ìbéèrè rẹ̀ mọ irú ọmọ tí òun ń bèèrè, àwa náà sì mọ̀. Bí a kò bá mọ̀ ni, àṣìṣe lásán ni ìbá jẹ́.

Àwọn tí ó ṣáájú wa ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ amòfin, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìṣirò owó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mú aya wọn lọ, òfin kò dí wọn lọ́nà, wọ́n sì bímọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kàwé. Aya ń ṣiṣẹ́, òun náà ń kàwé. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbé. Nígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde nínú ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ, wọ́n sì ń kó ọmọ fún àwọn obìnrin òyìnbó ní Kent, ní Sussex, ní Essex, tí wọ́n ń san owó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó gba ibẹ̀ kọjá. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí a bí ní 1967 fún àwọn òbí Yorùbá tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní London, wà lára wọn. Ìlú Tilbury ni ó dàgbà sí lọ́wọ́ òyìnbó, ní 2018 ó sì fi ìtàn náà ṣe sinimá tí ó pè ní Farming. Ìtàn náà kò dùn.

Ní ọkàn àwọn òbí wọ̀nyẹn, wọn kò ṣe ju ohun tí a ti ń ṣe nílé láti ayébáyé lọ: wọ́n fi ọmọ fún alágbàtọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á gbọ́ ọ ní èdè tirẹ̀. Àwọn kan rò pé a ti fi ọmọ náà ta àwọn lọ́rẹ, ọ̀rọ̀ sì dé ilé-ẹjọ́ nígbà tí òbí wá gba ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ méjì, ọmọ sì wà láàrin. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí wọn kò mọ̀. Àwa mọ̀, mímọ̀ tí a mọ̀ ni ó sì ń sọ ti àwa di ẹ̀tàn.

Lẹ́yìn olùkọ́ náà, ọkùnrin kan tún wá. Òun fẹ́ ìwé pé òun àti ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ti rí àyè ní yunifásítì jẹ́ tọkọtaya. Wọn kò gbé abẹ́ òrùlé kan rí. Owó ni ó fẹ́ san fún un. Òun náà ní ẹbí ni àwọn. Bí mo bá ti kọ ti olùkọ́, ẹnu wo ni n óò fi lé èyí padà?

Kì í ṣe díẹ̀ ni àwọn tí ọ̀ràn yìí kàn. Ní 2019, ìwé ìwọ̀lú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ń bá akẹ́kọ̀ọ́ lọ láti gbogbo ayé jẹ́ 16,047. Ní 2022 ó di 135,788. Ti Nàìjíríà nìkan kúrò ní 1,586, ó di 60,923. N kò wí pé irọ́ ni wọ́n fi lọ. Òfin ni ó ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn onílé fẹ́ ti ilẹ̀kùn wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2024: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ìgbà náà kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ lọ mọ́, àfi ẹni tí ń ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí ìjìnlẹ̀ bí ti oyè ọ̀mọ̀wé, tàbí ẹni tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ẹ̀kọ́ náà sì ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìyá kan ní àdúgbò wa lọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó sì fi ọmọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ìyapa tí ó jẹ́ ti ọmọ àbúrò nìkan tẹ́lẹ̀ ti di ti ọmọ inú ẹni.

Títí dé ibí yìí, àwọn kan yóò wí pé mo ṣe rere. Mo wí bẹ́ẹ̀ fún ara mi pẹ̀lú, mo sì sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn baba wa wí pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ohun tí wọn kò fi kún un ni pé ẹni tí ó gbé òtítọ́ lọ sí ọjà lè má jẹ́ ẹni tí yóò rù ú padà sílé. Mo pa ìwé ìjọ mọ́, n kò sì san kọ́bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó san án. Mo lè bèèrè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Mo lè bá obìnrin náà jókòó kí a rò ó bóyá ó lè sún ẹ̀kọ́ náà síwájú, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí ọmọ náà, bí ìyẹn tilẹ̀ jẹ́ ohun tí kò dájú. Mo lè gba ọmọ náà sọ́dọ̀ kí ó má bàa fi ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Yàrá kan ṣófo ní ilé mi. N kò sọ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Mo sọ ohun tí n kò lè ṣe, mo sì ní ó dàárọ̀.

Àwọn kan dá olùkọ́ náà lẹ́bi pé kí ló dé tí kò jókòó. Èmi kò lè bá wọn wí i. Owó tí ó ń fi ránṣẹ́ ni a fi ń ra oògùn ìyá àgbà, òun ni a sì fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà.

Ẹ̀sìẹ́ kò jìnnà sí wa, síbẹ̀ ó ju ọdún kan lọ kí n tó dé ibẹ̀. Ìyá àgbà ń tiro. Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀, bí fóònù bá dún ní ọjọ́ Àìkú, ọmọ náà a sáré débẹ̀ ṣáájú òun. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé òun ń pọn omi. Ọmọ náà mú mi lọ wo ilé àwọn ère òkúta, tí a dá sílẹ̀ ní 1945, ó sì sọ fún mi, bí àwọn àgbà ìlú ti ń sọ ọ́, pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa ìwé ẹ̀rí. N kò mọ̀ bóyá a sọ fún un.

Láti ìgbà náà mo ń lọ lóòrèkóòrè. Ní 2025 ó yege láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì bá a jókòó kí a kọ ọ̀rọ̀ kún ìwé ìgbàwọlé. A kọ orúkọ rẹ̀, a kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. A dé ibi tí a kọ “òbí tàbí alágbàtọ́” sí, ó sì gbé ojú sókè wò mí. Mo ní kí ó kọ ẹni tí ó bá mọ̀. Ó kọ orúkọ olùkọ́ náà ní kíkún, lẹ́yìn náà ó kọ nọ́ńbà fóònù tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 44 sí abẹ́ rẹ̀, láìwo ibì kankan.