Ẹ Gbin Ọgbà Ní Ibi Tí Ẹ Wà



   

Ẹ̀kọ́ wa wà nínú ìwé Jeremáyà, orí 29, ẹsẹ 1 dé 7. Wòlíì náà kọ lẹ́tà láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí a kó lọ sí Bábílónì. Ìrònú ilé ni ó gba ọkàn wọn, nítorí àwọn kan ń sọ fún wọn pé kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi padà. Jeremáyà ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dá ọgbà, kí wọ́n sì máa fi àdúrà ran ìlú àjèjì náà lọ́wọ́.

Nígbà tí a kà á tán, a wo àgbàlá ilé ìsìn wa, ojú sì tì wá díẹ̀. Yanrìn ni, àti òkìtì búlọ́ọ̀kù tí ó ṣẹ́kù nígbà tí a kọ́lé. Igi kan ṣoṣo tí ó ń ṣíji bò wá, a bá a níbẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí a gbin nǹkan, ìdáhùn wa kì í yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba á ní ìwé tírànsífà òun lè dé lọ́la. Oníṣòwò á ní ọjà ni òun wá ná ní Lọ́kọ́ja, kì í ṣe ibùgbé. Àwa tí ń kọ ìwé yìí náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, a sì ń sọ ọ́ títí ọmọ tí a bí síhìn-ín fi wọ iléèwé.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ arábìnrin wa kan fi irúgbìn òdòdó ránṣẹ́ sí i láti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Foxglove ni orúkọ rẹ̀, èyí tí ó funfun. Àwòrán ara páálí rẹ̀ wù wá: ọ̀pá gíga kan, tí òdòdó bí agogo so rọ̀ sí lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. A ní pẹpẹ wa yóò dára lọ́jọ́ Àjíǹde. Irúgbìn náà kéré bí eruku. A kì í bò ó mọ́lẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń fẹ́ kí ó tó hù. A wọ́n ọn sójú ilẹ̀ nínú agolo mílíìkì, a ń fi omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Díẹ̀ hù. Oòrùn oṣù kẹta sì pa gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé ọ̀gbìn ilẹ̀ òtútù ni. Ọdún kìíní, ewé nìkan ni yóò yọ. Ó di ọdún kejì, lẹ́yìn tí òtútù líle bá ti kọjá lórí rẹ̀, kí ó tó tanná. Níbo ni Lọ́kọ́ja yóò ti rí òtútù bẹ́ẹ̀? Ewé rẹ̀ sì ní májèlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, William Withering, tẹ ìwé jáde ní 1785 lórí bí a ṣe lè fi ìwọ̀n díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe oògùn. (Àwọn tí ó fẹ́ gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ bá wa dúpẹ́.)

Ṣùgbọ́n arábìnrin wa wo agolo náà, ó ní, “Ẹ kò rí i? Ilẹ̀ yìí kò gba tiwa.” Ọ̀rọ̀ yìí ni a kò lè gbé mì.

Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ lẹ́yìn ilé ìsìn wa ni ó dá a lóhùn. Ọmọ ìlú ni, kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó bu yànmọ̀tí fún wa, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní bẹníísíìdì. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á ní àpò-àpò, ǹjẹ́ ẹ ti rí òdòdó rẹ̀ rí? Agogo funfun ni, tí àwọ̀ osùn díẹ̀ máa ń wà nínú òmíràn, lára ọ̀pá tí ó dúró ṣánṣán. Ti ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń là. Ó là ní ìdájí, ó já bọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ti òkè rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

A po irúgbìn náà mọ́ yanrìn kí ó má baà ṣù jọ, a wọ́n ọn, a fi ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa. Nígbà tí ó hù, a fa òmíràn tu kí àwọn ìyókù lè rí àyè. Ibi tí omi bá dúró sí ń pa á. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti gbó. Ẹ má dúró kí ó gbẹ tán lórí ìdúró o, nítorí èso rẹ̀ máa ń la ẹnu fúnra rẹ̀, a sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gé e, ẹ dì í, ẹ gbé e nàró sórí aṣọ.

Ní 1841, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta gba odò Ọya wá síhìn-ín, níbi tí Ọya ti pàdé Bẹ́núè, láti dá oko àwòṣe. Onímọ̀ ọ̀gbìn ará Jámánì kan, Theodor Vogel, wà pẹ̀lú wọn. Ibà pa ju ogójì lọ nínú àwọn aláwọ̀ funfun náà. Vogel kú kí ọdún náà tó parí, a sì pa oko náà tì ní 1842. Ọmọ Òṣogùn kan, Àjàyí Crowther, wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Àlejò ni òun náà. Ó padà wá, ó sì tún padà wá, títí ó fi dá iléèwé Holy Trinity sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ní 1865. Ó lé ní ogún ọdún láàárín oko tí ó kú àti iléèwé tí ó dúró.

A mọ̀ pé omi 2022 kó ìsọ̀ àwọn kan nínú wa lọ. A kò jẹ́ dúró níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí a máa sọ òdòdó fún un. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn tí Jeremáyà kọ ìwé sí, ilé wọn, oko wọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti pàdánù.

Irúgbìn tí a kó nínú ti ọdún tó kọjá wà nínú ìgò lórí tábìlì akọ̀wé. Ẹ mú agolo yín wá lẹ́yìn ìsìn. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti gbà láti wá fi hàn wá bí a ṣe ń wọ́n ọn. Ẹni tí ìwé tírànsífà rẹ̀ bá dé kí tirẹ̀ tó tanná, kí ó gbé agolo náà fún aládùúgbò rẹ̀, kí ó sì sọ ọjọ́ tí ó gbìn ín fún un.